“Oblivion”: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, báwo la sì ṣe ń lò ó?

Akẹ́kọ̀ọ́Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ “oblivion” palẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè kọ “ìgbàgbé” síwájú rẹ̀, ó sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ki “ìgbàgbé” bọ àwọn gbólóhùn ìsàlẹ̀ yìí, méjì àkọ́kọ́ nìkan ló máa bá etí mu:

1. The old style of writing fell into oblivion.
2. Her songs were rescued from oblivion.
3. He drank himself into oblivion.
4. The town was bombed into oblivion.
5. She was oblivious to the noise.
6. Parliament passed an Act of Oblivion.

Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn? Ṣé ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀, ká lè sọ pé ẹnì kan “oblivion” nǹkan? Kí ló fi yàtọ̀ sí “obscurity”? Ẹ sì bá mi sọ bí wọ́n ṣe ń pè é, torí oríṣiríṣi ni mò ń gbọ́.

Atúmọ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àfi nọ́ńbà 5 tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ohun tó ń da àwa Yorùbá láàmú ni pé “ìgbàgbé” tiwa ń ṣiṣẹ́ méjì. A máa ń sọ pé ìgbàgbé ń ṣe àgbàlagbà kan, ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbàgbé nǹkan. A sì tún máa ń sọ pé orin kan ti di ohun ìgbàgbé, ìyẹn ni pé àwọn ẹlòmíràn ló gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí ni ojúlówó iṣẹ́ “oblivion”. Ipò tí ohun tí wọ́n gbàgbé bọ́ sí ló ń sọ, kì í ṣe àléébù orí ẹni tó gbàgbé. Tí ẹnì kan bá fi kọ́kọ́rọ́ sílé, “forgetfulness” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn. Ẹni tó bá kọ “Because of my oblivion I left the key” ti ṣi ọ̀rọ̀ lò.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń bá a rìn: fall, sink, fade, slip, drift. Ọ̀rọ̀ ìṣubú, ìrì àti ìrìn ló pọ̀ nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì mú oblivion bí ibì kan tí nǹkan ń wọ̀ lọ, ibẹ̀ sì jìn. Ìdí rèé tí “into” fi ń tẹ̀ lé wọn, tí “from” sì ń wá nígbà tí ẹnì kan bá fa nǹkan ọ̀hún jáde, bíi ti nọ́ńbà 2 yín.

Ó tún wúwo ju “forgotten” lọ. Agboorun tí ẹnì kan gbàgbé sínú ọkọ̀ jẹ́ “forgotten”, olówó rẹ̀ sì lè padà wá mú un ní ìrọ̀lẹ́. “Oblivion” kì í ṣe ìgbàgbé wákàtí méjì. Tí a bá lò ó fún nǹkan, orúkọ nǹkan náà kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì jọ pé yóò padà. “Ó parẹ́ ráúráú”, “ó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́”, “ó di ohun ìgbàgbé pátápátá” ló sún mọ́ ọn. Tí ẹ bá fi “wọ́n gbàgbé rẹ̀” lásán túmọ̀ rẹ̀, ẹ ti dín agbára rẹ̀ kù.

Láti inú èdè Látìnì ló ti wá. “Oblivio” ni ọ̀rọ̀ orúkọ ibẹ̀, “oblivisci” sì ni kí èèyàn gbàgbé. Inú èdè Faransé ló gbà wọ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí àwọn ọdún 1300. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ so apá kejì rẹ̀ mọ́ “levis”, ohun tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, tó jọ̀lọ̀. Ẹ rántí pé orí pákó tí wọ́n da ìda sí ni àwọn ará Róòmù ìgbàanì ti ń kọ nǹkan. Ẹnu ṣóńṣó ohun ìkọ̀wé wọn ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìdí rẹ̀ tó pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi ń tẹ́ ìda náà padà, tí ojú rẹ̀ á tún jọ̀lọ̀ bí ẹni pé wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí. Ẹni tó bá fojú inú wo pákó yẹn kò ní ṣi ìtumọ̀ náà mú: ohun tó wà níbẹ̀ kò fi ojú àpá sílẹ̀.

Ní ti pípè rẹ̀, sílébù mẹ́rin ni: o-bliv-i-on. Sílébù kejì, “bliv”, ni ohùn ti ń le. “O” ìbẹ̀rẹ̀ kò dún bí “o” tiwa rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún, bíi “a” tó ṣáájú nínú “about”. Ibi mẹ́ta ni ahọ́n wa ti máa ń kọsẹ̀. A máa ń ki fáwẹ̀lì sáàárín b àti l, tó fi ń di “obilifion”. A máa ń fi “f” rọ́pò “v” torí pé Yorùbá kò ní “v”. A sì máa ń gbé ohùn lé “o” ìbẹ̀rẹ̀. Fún “v”, ẹ fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe “f”, kí ẹ wá jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun gbọ̀n. Ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára tó bá ti ṣe é.

Ọ̀jẹ̀Gírámà

Ẹ̀gbọ́n Atúmọ̀, ẹ ṣeun, àlàyé yín yọrí. Ẹ jẹ́ kí n kan fi bí wọ́n ṣe ń tò ó sínú gbólóhùn kún un, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí a kì í kà ni. Ẹ má kọ “an oblivion”, ẹ má sì kọ “oblivions”. Tó bá dá dúró, kì í gba “the”: “The custom sank into oblivion”, kì í ṣe “into the oblivion”. Ìgbà tí ẹ bá fi ohun tó ń ṣàlàyé irú èyí tó jẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni “the” ń wọlé, bíi “the oblivion of sleep” tàbí “the oblivion into which his name had fallen”. Tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá ṣáájú, “the” kò sí níbẹ̀: “total oblivion”, “near oblivion”, “political oblivion”. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń lò fún olóṣèlú tí ẹgbẹ́ ti pa tì, tí àwọn olùdìbò kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ó lè wà láyé, kó wà ní àlàáfíà, ipò òṣèlú rẹ̀ ló parẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń ṣáájú ló ń pinnu ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó máa tẹ̀ lé e. Tí nǹkan náà bá lọ fúnra rẹ̀ (fall, sink, fade, slip), “into” ni. Tí ẹnì kan bá fi agbára tì í lọ (consign, condemn), “to” ni: “consigned to oblivion”. “Consigned into oblivion” kì í dún dáadáa létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí wọ́n bá yọ ọ́ (rescue, save), “from” ni. “Fade” máa ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó dára fún òkìkí tó ń wọ̀ọ̀kùn. “Consign” ní ète nínú: ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan o. Nítorí pé oblivion jẹ́ ìparẹ́ pátápátá, gbólóhùn tó bá dárúkọ ohun tó parẹ́ máa ń tako ara rẹ̀ tí a kò bá ṣọ́ra. Ní ọdún 356 ṣáájú Sànmánì Kristi, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Herostratus dáná sun tẹ́ńpìlì Artemis, òrìṣà obìnrin àwọn Gíríìkì, ní Éfésù nítorí kí orúkọ rẹ̀ má bàa pa rẹ́ láyé. Àwọn ará Éfésù pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Òpìtàn Theopompus sì kọ orúkọ náà sílẹ̀, òun la fi mọ̀ ọ́n dòní. Tí ẹ bá kọ “The Ephesians consigned his name to oblivion”, irọ́ ni, torí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ tán ni. “Tried to consign” ló tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó bá kù díẹ̀ kó parẹ́ ṣe ń gba “near oblivion” tàbí “almost into oblivion”. Ọ̀rọ̀ kékeré ni “near” àti “tried” yìí, àmọ́ àwọn ló ń yọ gbólóhùn náà.

Kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò lójoojúmọ́. “Obliviate” wà nínú àwọn ìwé atúmọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ kọ “forget” kí ẹ sinmi.

ÌwéKíkà

Nọ́ńbà 3 àti 4 ṣì wà nílẹ̀.

“He drank himself into oblivion”: níbí, kì í ṣe pé àwọn èèyàn gbàgbé ọkùnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ ibi tó wà mọ́. “Ó mutí títí kò fi mọ ayé tó wà mọ́” ni mo máa kọ. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “ó mutí títí ó fi di ẹni ìgbàgbé” ti sọ ìtàn mìíràn pátápátá: ìyẹn á jẹ́ ẹni tí ọtí ba ayé rẹ̀ jẹ́ títí gbogbo èèyàn fi pa á tì. Ìtumọ̀ yìí kan náà ló wà nínú “the oblivion of sleep”, ó sì wà fún oògùn tó ń pa ìrora. Tí ẹ bá rí “she longed for oblivion”, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó yí i ká. Ó lè jẹ́ oorun àsùnwọra ni obìnrin náà ń wá kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìrora, ó sì lè jẹ́ ikú. Gbólóhùn yẹn nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́.

“Bombed into oblivion” kò ní ìgbàgbé kankan nínú. Ìparun ni: “wọ́n rọ̀jò bọ́ǹbù lé ìlú náà títí kò fi ku òkúta kan lórí èkejì.” Gbogbo ayé lè máa rántí ìlú ọ̀hún títí láé, gbólóhùn náà á ṣì tọ́.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ èyí tó wà níwájú yín ni pé kí ẹ wo ohun tó ń wọ inú oblivion. Orúkọ, orin, ìwé, àṣà: ìgbàgbé ni. Èèyàn pẹ̀lú ọtí, oògùn tàbí oorun: àìmọ ara ẹni ni. Ìlú, ilé tàbí ọmọ ogun pẹ̀lú bọ́ǹbù: ìparun ni.

Ọ̀jẹ̀Gírámà

Nọ́ńbà 5 náà rèé. “Oblivious” jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ ní ni “onígbàgbé”, ṣùgbọ́n lónìí ẹni tí kò fura sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ ni wọ́n sábà ń pè bẹ́ẹ̀. “To” àti “of” ló ń gbà, méjèèjì ló tọ́. Ẹ má kọ “oblivious about”. Ọ̀rọ̀ orúkọ tirẹ̀ ni “obliviousness”, torí náà “She was in oblivion of the noise” kò tọ́.

Ohun tí a ń sọ ní láti wà nítòsí ẹni náà kó tó lè jẹ́ oblivious sí i. Ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísìrì rí kì í ṣe “oblivious of chemistry”. “Ignorant of” ni. Ẹ má sì fi “kò kọbi ara sí ariwo náà” túmọ̀ nọ́ńbà 5. Ẹni tí kò kọbi ara sí nǹkan ti gbọ́ ọ, ó kàn pa á tì ni, “ignore” ni Gẹ̀ẹ́sì ìyẹn. “Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ariwo ń lọ” ló tọ́.

Àwọn tó jọ ọ́ tí wọ́n máa ń tan èèyàn jẹ: “Obliterate” kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá. Inú “littera”, lẹ́tà, ló ti wá, ọ̀rọ̀ ìṣe ni, ó túmọ̀ sí pípa nǹkan rẹ́ bí ẹni pa lẹ́tà rẹ́. “Amnesia” jẹ́ àìlera ọpọlọ, lára ẹni tó gbàgbé ló wà. “Limbo” ni ohun tí wọn kò tíì pinnu, tí kò sí níhìn-ín, tí kò sí lọ́hùn-ún. “Extinction” sì jẹ́ fún ẹ̀dá tí irú rẹ̀ run tán. Dodo, ẹyẹ erékùṣù Mauritius, run ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Ó jẹ́ extinct, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé kárí ayé mọ orúkọ rẹ̀, nítorí náà kò sí nínú oblivion.

“Obscurity” ni àìlókìkí. Ẹni tó ń gbé “in obscurity” lè má lókìkí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ohun tó bọ́ sínú oblivion ní láti jẹ́ mímọ̀ kí wọ́n tó gbàgbé rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè méjì ṣì kù. Tí obscurity àti oblivion bá yàtọ̀ báyìí, èwo ló tọ́ fún iṣẹ́ tí Gregor Mendel, onímọ̀ nípa àjogúnbá, ṣe lórí ẹ̀wà pea? Mo rí i tí wọ́n kọ “rescued from oblivion”, mo sì tún rí “rescued from obscurity”. Ìkejì, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan “Act of Oblivion”.

Ọ̀jẹ̀Gírámà

Obscurity ni mo máa lò fún Mendel. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1866, àwọn tó kà á nígbà náà kò sì tó nǹkan. Ohun tí kò gbajúmọ̀ rí, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé wọ́n gbàgbé rẹ̀?

Atúmọ̀

Ọ̀gá, mi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Mímọ̀ kò dandan kó jẹ́ òkìkí. Mendel ka iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣẹ̀dá ní Brno ní 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún kejì, àwọn ilé ìkàwé kan ní ìwé náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ lọ tútù, títí di 1900 tí àwọn onímọ̀ ewéko mẹ́ta, de Vries, Correns àti Tschermak, tún mú un wá sójú táyé. Àwọn kan ti gbọ́ ọ, wọ́n sì jẹ́ kó lọ. “Oblivion” lè dúró síbẹ̀ dáadáa. Ohun tí ẹ sọ tọ́ tó bá jẹ́ ìgbésí ayé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ là ń sọ: “he worked in obscurity” ni, kò sí bí ẹ ṣe lè fi oblivion síbẹ̀, torí a kì í ṣiṣẹ́ nínú oblivion. Ẹ jẹ́ ká fi obscurity sílẹ̀ fún èèyàn tó wà láyé tí òkìkí rẹ̀ kò kàn, ká sì fi oblivion sílẹ̀ fún iṣẹ́ tàbí orúkọ tó ti kúrò lọ́kàn aráyé.

AmòfinÈdè

Ẹ jẹ́ kí n gba nọ́ńbà 6.

Òfin ilẹ̀ England ti ọdún 1660 ni wọ́n sábà ń tọ́ka sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Indemnity and Oblivion Act. Wọ́n bẹ́ Ọba Charles Kìíní lórí ní 1649 lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Charles Kejì, padà sórí oyè ní 1660, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló ti bá bàbá rẹ̀ jà. Òfin yẹn dárí ji àwọn èèyàn fún ohun tí wọ́n ṣe nígbà rúkèrúdò náà, àfi àwọn tí òfin yọ sọ́tọ̀, pàápàá àwọn tó lọ́wọ́ nínú ikú ọba.

“Oblivion” inú rẹ̀ kò sọ pé àwọn èèyàn kò rántí. Wọ́n rántí dáadáa. Ó sọ pé òfin kò ní rántí, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà gún ẹnikejì lójú. Wọ́n tilẹ̀ fi owó ìtanràn sí i fún ọdún mẹ́ta: ẹni tó bá fi orúkọ ẹ̀gàn tàbí ọ̀rọ̀ àbùkù hú ìjà àtijọ́ jáde máa san pọ́n-ùn mẹ́wàá tó bá jẹ́ ọ̀tọ̀kùlú, tó bá sì jẹ́ mẹ̀kúnnù, ogójì ṣílè. Ẹ ò rí i pé ìgbàgbé tí a fi òfin pa láṣẹ ni. “Òfin Ìdáríjì àti Ìgbàgbé Ọ̀ràn” ni mo máa pè é. Ẹ má fi “ìparẹ́” sí i o, ẹni tó bá kà á máa rò pé ìlú kan ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́.

Ẹ má lo “oblivion” ní ìtumọ̀ yìí fún òfin òde òní. “Amnesty” ló ti gba ipò rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí ìgbàgbé ni òun náà sì ti wá.

Ibì kan tún wà tí àwọn atúmọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2014, Ilé Ẹjọ́ gíga ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé èèyàn lè béèrè pé kí Google yọ àwọn ìsokọ́ra (link) kan kúrò nínú èsì tó ń jáde tí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ wá nǹkan. Ítálì ń pe ẹ̀tọ́ náà ní “diritto all’oblio”, Spéènì ń pè é ní “derecho al olvido”, orírun kan náà pẹ̀lú oblivion. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ “right to oblivion” níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. “Right to be forgotten” ló gbajúmọ̀, òun náà ló sì wà lórí Abala 17 òfin GDPR, òfin Yúróòpù lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Ó sì bójú mu bẹ́ẹ̀, torí nínú ẹjọ́ 2014 yẹn, èsì ìwádìí ni wọ́n ní kí wọ́n yọ. Ojú ewé ìwé ìròyìn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbi tó wà. Ohun tó ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó mọ ibi tó máa wò kò tíì dé oblivion.

Akẹ́kọ̀ọ́Gẹ̀ẹ́sì

Ó ti yé mi. Ẹ bá mi wo àwọn tí mo tò yìí:

1. Ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ náà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́.
2. Wọ́n yọ àwọn orin rẹ̀ kúrò lẹ́nu ìgbàgbé.
3. Ó mutí títí kò fi mọ ayé tó wà mọ́.
4. Wọ́n ju bọ́ǹbù sí ìlú náà títí ó fi di ohun ìgbàgbé.
5. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ariwo ń lọ.
6. Ilé Aṣòfin ṣe Òfin Ìdáríjì àti Ìgbàgbé Ọ̀ràn.

ÌwéKíkà

Nọ́ńbà 4 ló kù. Ẹ yọ “di ohun ìgbàgbé” kúrò níbẹ̀, ẹ kọ “títí ó fi pa rẹ́ ráúráú”. Nọ́ńbà 2 dára, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú ìwé ìròyìn ni ẹ fẹ́ lò ó sí, “wọ́n hú àwọn orin rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí aráyé ti gbàgbé wọn” á tètè yé òǹkàwé.